Irun tó ń bo ọmọ, irun tó ń wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀: ìdáhùn fún ìyá kan tó ń sin ehoro Angora

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Sheffield ni mo ń gbé. Ó ti pé ọdún kan àbọ̀ tí mo ti ń sin ehoro Angora méjì, akọ kan àti abo kan. Ní oṣù kejì ọdún yìí, abo náà bí ọmọ méje, ìbímọ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo bá mẹ́ta lórí wáyà kéèjì, wọ́n ti tutù, wọ́n ti kú. Ní ọjọ́ kẹfà mo tún bá méjì tí irun ìyá wọn ti wé mọ́ lọ́rùn àti lẹ́sẹ̀. Méjì péré ló kù, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ọkọ mi ní kí n ta gbogbo wọn. Ṣé ẹ̀bi mi ni? Ṣé kí n tún jẹ́ kó bímọ, bóyá fún akọ aládùúgbò wa tí irun rẹ̀ kò gùn, tí kò ní fa wàhálà? Ṣé irun wọn tilẹ̀ lè san owó oúnjẹ wọn? Àbúrò mi ní Ìbàdàn sì ń bẹ̀ mí pé kí n fi takọtabo kan ránṣẹ́ sí òun. Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹni tí kò sin ehoro rí lè máa wò ó pé ọmọ ehoro márùn-ún kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ sunkún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé ọmọ tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ láàárọ̀, tó ń fi èémí ẹnu mí sí i lára kó lè móoru, tí ọmọ náà kò sì mira mọ́, kò ní bi yín léèrè ohun tó ń dùn yín. Ó ti lé ní ọdún 14 tí mo ti ń sin Angora ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín ní Yorkshire, ihò tí mo sì ti gbẹ́ fún òkú ọmọ ehoro nínú ọgbà mi pọ̀ ju èyí tí mo fẹ́ máa rántí lọ. Nítorí náà n kò ní fi ọ̀rọ̀ ìtùnú nìkan ránṣẹ́ sí yín. Èmi yóò sọ ohun tó pa wọ́n, àti ohun tí ẹ ó ṣe kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe àìbìkítà ló fa èyí tó ṣẹlẹ̀, àìmọ̀ ni, orí irun ni gbogbo àìmọ̀ náà sì dá lé. Irun ehoro lásán máa ń dàgbà dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, yóò sì dúró. Lára Angora, àṣẹ tó yẹ kó sọ fún irun pé ó tó kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, irun náà kò sì mọ ìgbà tí yóò dúró. Ó ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 gùn sí i lóṣooṣù. Ara ìlú Ankara ní Turkey, tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní Angora láyé àtijọ́, ni wọ́n ti mú orúkọ ehoro yìí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti mú ti ewúrẹ́ onírun gígùn tó ń fún wa ní mohair. Ohun gbogbo tó ń múni láyọ̀ lára ehoro yìí, inú irun ló ti ń wá. Ohun tó ń bani lọ́kàn jẹ́ lára rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti ń wá. Gbogbo ohun tí èmi yóò sọ fún yín láti ibí lọ, ọ̀rọ̀ irun ni, bó tilẹ̀ jọ pé ọ̀rọ̀ ìbímọ tàbí ti oúnjẹ ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn méjì tí irun wé mọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn yín jù. Bí ìbímọ bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì, tàbí ní wákàtí tó fẹ́ bímọ gan-an, abo ehoro máa ń fi ẹnu já irun ikùn àti ti abẹ́ ọrùn ara rẹ̀ sínú ìtẹ́. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí orí ọmú lè hàn síta, kí àwọn ọmọ tí kò ní irun kankan lára sì lè rí ohun bora. Fún ehoro onírun kúkúrú, kò sí ibora tó dára tó o. Ṣùgbọ́n abo yín tí ẹ kò gé irun rẹ̀ fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, fọ́nrán irun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 ló já sínú ìtẹ́ náà. Àwọn ọmọ ń rọ́ lọ rọ́ bọ̀ nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, ìtọ̀ wọn ń mú un rin, ara wọn ń mú un gbóná. Irun tó bá sì ti rin, tó gbóná, tí nǹkan sì ń yí i, yóò lọ́ mọ́ra wọn di okùn ni. Bí okùn náà bá ti wé mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, bí ọmọ náà ṣe ń ti ara rẹ̀ síwájú ni yóò máa fún sí i.

Èmi náà ti rí i. Nínú ìbímọ kejì tí mo rí nínú ilé mi, mo fọwọ́ sínú ìtẹ́ lọ́jọ́ karùn-ún, mo fa ọmọ kan jáde, òmíràn sì tẹ̀ lé e wá bí ìgbà tí a fa iṣu tí ìtàkùn rẹ̀ lọ́ mọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Irun ló so ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀kan ti dúdú, ó ti gbẹ, kò nípọn ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Mo gbé e sábẹ́ iná tábìlì, mo fi àlùmọ́gàjí kékeré tí a fi ń gé èékánná ọmọ ọwọ́ gé fọ́nrán náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà kò sì ké rárá, nítorí ọmọ ehoro kì í ké bí ọmọ ajá. Ohun tó jẹ́ kí ikú wọn máa yọ́ wọlé nìyẹn: ilé lè pa rọ́rọ́, kí ọmọ sì máa kú lọ nínú irun. Ẹsẹ̀ yẹn já bọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Abo ni, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́ta gbé ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ mi, kò sì sí ehoro tó máa ń tètè sáré pàdé mi bíi tirẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka oṣù irun pọ̀ mọ́ oṣù oyún. Ọjọ́ 31 ni oyún ehoro sábà máa ń gbà. Bí ẹ bá gé irun abo yín wálẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ gbé e fún akọ, irun ikùn rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ ní ọjọ́ tí yóò bímọ. Ìwọ̀n yìí tó láti mú ọmọ móoru, kò sì gùn tó láti di okùn. Ní ọjọ́ 28, ẹ gbé àpótí ìtẹ́ sí i nínú kéèjì, kí ẹ to koríko gbígbẹ sínú rẹ̀ nípọn, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín gbẹ́ kòtò sí ẹ̀yìn àpótí náà. Bó bá tún já irun tó gùn sí i lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ kó irun náà jáde, ẹ gé e wẹ́wẹ́ kí ẹyọ kan má ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ, kí ẹ sì dá a padà. Lẹ́yìn náà, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ pa ìyá lára kí òórùn rẹ̀ lè wà ní ọwọ́ yín, ẹ gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan sínú ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ọrùn rẹ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì dá a padà. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ìyá ehoro yóò kọ ọmọ tí ènìyàn bá fọwọ́ kàn, kò rí bẹ́ẹ̀ fún abo tó ti mọ ọwọ́ yín.

Ní ti àwọn mẹ́ta tí ẹ bá lórí wáyà, ìyá wọn kò lé wọn jáde. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì péré lójúmọ́ ni abo ehoro ń wọ ìtẹ́ láti fún ọmọ lọ́mú, kì í sì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún lọ. Bó bá ṣe tán, ó fò jáde nìyẹn. Ọmọ tí kò tíì tẹ́rùn, tó ṣì fẹnu mú orí ọmú dáadáa, yóò bá a fò jáde, yóò já bọ́ sórí wáyà, kò sì ní mọ ọ̀nà padà, nítorí ojú wọn kì í là kí ọjọ́ 10 tó pé. Ìyá ehoro kì í fẹnu gbé ọmọ bíi ológbò. Ní oṣù kejì ní Sheffield, wákàtí kan lórí wáyà ti tó láti pa á. Àpótí tí ojú ọ̀nà rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 máa ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ bẹ́ẹ̀ kó tó dé ìta. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ kan bo ìdajì wáyà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹ bá tún rí ọmọ tó tutù, ẹ má sọ ọ́ nù. Àwa tí a ń sin ehoro kì í pe ọmọ tó tutù ní òkú. Ó di ìgbà tí ara rẹ̀ bá móoru tí kò sì mí kí a tó gbà pé ó ti lọ. Ẹ fi í sí àyà yín lábẹ́ aṣọ, tàbí kí ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dé ọrùn kí ẹ sì di orí rẹ̀ mú sókè, ẹ nù ún gbẹ dáadáa, ẹ sì dá a padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo ti rí èyí tó le gbagidi tó sì jí lẹ́yìn ìdajì wákàtí, tó kọ́kọ́ ya ẹnu bí ẹja, lẹ́yìn náà tó mira. N kò mọ ayọ̀ tó jọ ti ìṣẹ́jú yẹn nínú gbogbo iṣẹ́ ehoro sísìn.

Ẹ béèrè bóyá kó tún bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ara rẹ̀ bá yá. Abo tó já irun, tó bí méje, tó sì ń fún méjì lọ́mú títí di òní, ìyá rere ni. Àwa ni a kò tún ìtẹ́ ṣe dè é. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ méjì yìí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kí ẹ tó gbà wọ́n lẹ́nu ọmú, ẹ fún ìyá ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sí i kó lè tún ẹran dì, kí ẹ sì gé irun rẹ̀. Ẹ gbé abo lọ sí kéèjì akọ o. Ẹ má ṣe gbé akọ wá bá abo, nítorí abo ehoro kò fẹ́ àlejò nínú ilé rẹ̀, ó lè bu akọ jẹ ní ibi tí kò dára. Bí akọ bá gùn ún tán, yóò ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó dákú, ìgbà yẹn ni ẹ mọ̀ pé ó ti bọ́ sí i. Gígùn náà ló ń mú kí ẹyin abo jáde, ní nǹkan bíi wákàtí 10 lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà kò sí ìdí láti máa retí àsìkò kan bí a ti ń retí ti ajá. Bí ẹ bá rí abo kejì rà lọ́dọ̀ olùsin tó ṣe é fọkàn tán, ẹ gbé àwọn méjèèjì fún akọ ní ọjọ́ kan náà. Bí ọ̀kan bá bí mẹ́sàn-án, tí èkejì sì bí méjì, ẹ ó lè pín ọmọ fún wọn. Bí ọ̀kan bá sì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní di aláìníyàá.

Ní ti akọ aládùúgbò yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Irun gígùn yìí kì í hàn lára ọmọ àfi bí ìyá àti bàbá bá jọ fún un. Gbogbo ọmọ tí abo yín bá bí fún akọ onírun kúkúrú, irun kúkúrú ni wọn yóò ní. Ó lè jọ bí ẹni pé wàhálà ti dín kù, ṣùgbọ́n wọn yóò gbé irun gígùn náà pa mọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jáde lára ọmọ ọmọ wọn, ní ọwọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó rà, tí kò sì ní òòyà nílé.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ ìdíkùn fún yín, ìyẹn kí irun dí ikùn ehoro, nítorí ẹ kò béèrè, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ló ń pa àgbà Angora jù nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀. Ehoro máa ń lá ara rẹ̀ bíi ológbò, ó sì ń gbé irun mì. Ológbò lè bì í jáde. Ehoro kò lè bì; ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀, ìsàlẹ̀ nìkan ni ọ̀nà àbájáde rẹ̀. Bó bá ń jẹ koríko gbígbẹ dáadáa, tó ń mu omi, tó sì ń rí ààyè sáré, ìfun rẹ̀ yóò máa ti irun náà lọ. Bí koríko bá kù díẹ̀ káàtó, bí omi inú ìgò bá dì nítorí òtútù tí ẹnikẹ́ni kò sì kíyè sí i, tàbí bí irun ara bá ti gùn ju bó ti yẹ lọ, ìfun á rọ̀, irun á sì gbẹ mọ́ oúnjẹ nínú ikùn di odidi kan.

Abo kan wà lọ́dọ̀ mi tí mo sọ ní Àṣàkẹ́, funfun, etí rẹ̀ ní ìpẹ̀kun irun bí ti ìrùkẹ̀rẹ̀. Ìgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún mi, n kò sì gbọ́. Àwọn kóró ìgbẹ́ náà kéré sí i, irun sì so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sí fọ́nrán òwú. Mo ní irun ló ń jáde, ó dára bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó fi pẹ́lẹ́ẹ̀tì, oúnjẹ ehoro oníkóró tí a ń rà, sílẹ̀, ó jẹ koríko díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ó káwọ́ kúnlẹ̀ sí igun kan, ó ń lọ eyín rẹ̀ kẹ́kẹ́kẹ́, ohun tí ehoro ń ṣe bí ìrora bá mú un nìyẹn. Mo ní ilẹ̀ ọ̀la kì í pẹ́ mọ́. Ilẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n Àṣàkẹ́ kò jí. Ìyá Ìbejì, ehoro tí kò bá jẹun fún wákàtí 12, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ló yẹ kó wà, àní bó jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru, níbi tí wọn yóò ti fún un ní omi, oògùn ìrora, àti oògùn tó ń mú kí ìfun máa rìn. Àwọn ènìyàn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ fún un ní ìbẹ́pẹ tàbí omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó kó lè yọ́ irun náà. Kò lè yọ́ irun. Koríko gbígbẹ ní gbogbo ìgbà, omi mímu, àti àlùmọ́gàjí lásìkò ni ohun tó ń dáàbò bò wọ́n. Èmi a máa fi ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún àwọn àgbà mi ní koríko nìkan, láìsí pẹ́lẹ́ẹ̀tì rárá. Ohun kan tún kù níbẹ̀: ẹ má ṣe fi amoxicillin inú àpótí oògùn ilé sí ehoro lẹ́nu láéláé, nítorí ó ń pa ohun rere tó wà nínú ìfun rẹ̀, ehoro náà yóò sì tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ 90 ni kí ẹ kà láti ìgbà kan tí ẹ gé irun dé ìgbà mìíràn. Àárín rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni kí ẹ gbé wọn lé itan. Ẹ̀yìn etí, abẹ́ ọrùn, abíyá àti ìdí ni irun ti ń kọ́kọ́ di kókó. Mo ní ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ lò kí n tó mú òòyà, nítorí ó ń ya irun láìfà á, eruku àti ìdọ̀tí á sì fò jáde bí ìyẹ̀fun. Ẹ má ṣe fi omi wẹ̀ wọ́n o. Ìpayà rẹ̀ lè pa ehoro, irun tó rin yóò sì dì bí ẹní. Bí ẹ bá ń gé e, ẹ fi ìka méjì tẹ́ awọ rẹ̀ pẹrẹsẹ, nítorí awọ ehoro fẹ́lẹ́ bíi bébà, ó sì máa ń bá irun dìde wọ ẹnu àlùmọ́gàjí. Ní ti abo, ẹ wá orí ọmú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka kí ẹ tó gé nǹkan kan níbẹ̀.

Lára Angora ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi tiyín, àsìkò kan wà tí irun àtijọ́ máa ń tú fúnra rẹ̀. Ẹ ó mọ̀ ọ́n bí ẹ bá fà á wẹ́rẹ́ tó sì bọ́ sí yín lọ́wọ́ bí ewé tó gbó, tí ehoro náà kò tilẹ̀ ṣíjú wò yín. Ìgbà yẹn ni ènìyàn lè fi ọwọ́ kó o láìlo àlùmọ́gàjí. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ehoro á na ẹsẹ̀ sórí itan mi, á sùn lọ, irun á sì máa kún inú apẹ̀rẹ̀ láìdún. Lọ́dún 2013, fídíò kan jáde láti oko kan ní Ṣáínà, orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ jù lọ irun Angora ayé ti ń wá, tí wọ́n ti ń fa irun tí kò tíì tú ya kúrò lára ehoro, tí ehoro náà ń ké. Àwọn ilé ìtajà aṣọ ńlá, H&M wà lára wọn, dá irun Angora dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra irun lọ́wọ́ yín tó sì béèrè bí ẹ ṣe kó o, ẹ má bínú sí i. Ẹ ní kó wá wò yín níbi tí ẹ ti ń kó o.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti tọ́ mi, nílé ìyá mi àgbà tó ń ran òwú fún àwọn ahunṣọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi irun ehoro mi sí ìrànwú, mo rò pé ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò rí bíi ti òwú rárá. Ó ń yọ̀ bíi ṣẹ́dà, ó ń sá lọ láàárín ìka, ó sì fúyẹ́ débi pé bí mo bá mí èémí jinlẹ̀, yóò fò kúrò lórí tábìlì. Kò ní ọ̀rá lára bíi ti irun àgùntàn, nítorí náà ènìyàn kò ní láti fọ̀ ọ́ kó tó ran án. Nítorí pé kò lè fà kó sì padà, mo máa ń dà á pọ̀ mọ́ irun àgùntàn, nínú ìdá mẹ́ta, méjì jẹ́ ti àgùntàn, ọ̀kan jẹ́ ti ehoro. Fìlà tí mo fi hun fún ọmọ mi ọkùnrin kò ní ohun àrà lójú lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀. Lẹ́yìn tó dé e fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni irun náà yọ sókè lójú òwú bí ìkùukùu òwúrọ̀, ó sì ń móoru débi pé ó máa ń ṣí i nínú bọ́ọ̀sì.

Ṣé irun lè san owó oúnjẹ? Angora ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan máa ń fúnni ní nǹkan bíi gíráàmù 300 lọ́dún, èyí tó dára jù, ti ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́, kò sì tó gbogbo rẹ̀. Irú ti Jámánì lè fúnni ju kílò kan lọ, ṣùgbọ́n ó tóbi, ó sì ń jẹun púpọ̀. Bí ẹ bá ní ehoro méjì, irun wọn lè san owó koríko àti pẹ́lẹ́ẹ̀tì bí ẹ bá rí àwọn tó ń fọwọ́ ran òwú tà á fún. Kò ní san owó dókítà. Kí ẹ sọ èyí fún Bàbá Ìbejì láìfi pamọ́, nítorí ọkọ tí a bá ṣèlérí èrè fún yóò máa béèrè èrè náà.

Dókítà náà kò sì ṣeé yẹra fún, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo wà tó ń dáàbò bo ehoro lọ́wọ́ àrùn tí wọ́n ń pè ní myxomatosis àti oríṣi méjèèjì àrùn ẹ̀jẹ̀ tó ń pa ehoro lójijì, ọmọ sì lè gbà á láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Àwọn méjì tó kù lọ́wọ́ yín ti tó o gbà báyìí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ni ẹ ó máa ṣọ́. Bó bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ara ń ni ehoro onírun yìí, akọ tí ooru bá mú sì lè má lè fún abo lóyún fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, tí Coningsby ní Lincolnshire dé ìwọ̀n 40.3, mo ti gé irun gbogbo ehoro mi dé awọ ṣáájú, mo kó ìgò omi dídì sínú kéèjì kọ̀ọ̀kan, mo sì ń fi omi pa wọ́n létí láti àárọ̀ dalẹ́. Ìgò omi dídì náà ni wọ́n sùn tì bí ọmọ tó sùn ti ìyá rẹ̀. Àsìkò ooru yìí kan náà ni eṣinṣin ń yé sí irun ìdí tó bá dọ̀tí, tí ìdin yóò sì máa jẹ ẹran láàyè láàárín ọjọ́ kan, kí ẹ sì máa wo ìdí wọn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹ sọ fún àbúrò yín ní Ìbàdàn pé rárá. Ohun tí èmi ń rí fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún, tí mo sì ń sunkún sí, ni ooru ojoojúmọ́ níbẹ̀. Bí ehoro bá wù ú, kó lọ ra irú ehoro tí wọ́n ń pè ní New Zealand White tàbí Chinchilla lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ín nílé. Irun wọn kúkúrú, wọ́n sì ti mọ ilẹ̀ náà.

Tí ẹ bá ti wá ní ọmọ púpọ̀, ẹ óò dé ibi tí mo kà sí èyí tó le jù, ìyẹn fífi ọmọ fún ẹlòmíràn. Mo fi akọ kan fún ìdílé kan nígbà kan, àwọn ọmọ wọn fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá, ìyá wọn sì ra òòyà lójú mi. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà wọ́n gbé e padà wá. Irun rẹ̀ ti di odidi aṣọ kan láti ọrùn dé ìdí, kò lè na ẹsẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì ti di egbò. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gé e, díẹ̀díẹ̀, kí ìpayà má baà pa á. Kò sẹ́ni tó ṣe é níkà nínú ilé náà. Ọwọ́ wọn dí, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀. Láti ìgbà náà, n kò fún ẹnikẹ́ni ní ọmọ ehoro àfi bó bá wá sílé mi lẹ́ẹ̀mejì, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé odidi ehoro kan lójú mi. Ọ̀pọ̀ kì í padà wá lẹ́ẹ̀kejì. N kò bínú sí wọn.

Àwọn méjì tó wà lọ́wọ́ yín ni kí a fi parí rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ wo èyí tó jẹ́ akọ àti èyí tó jẹ́ abo, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n bá yín wò ó lẹ́ẹ̀kejì, nítorí kékeré wọn máa ń tan ojú. Bí wọ́n bá jẹ́ takọtabo, ẹ yà wọ́n kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ forúkọ wọn sílẹ̀, ìgbà náà ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ British Rabbit Council ń fi òrùka sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì lè wọ̀ ọ́. Irun ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún rọ̀ ju ti àgbà lọ, ó sì ń tètè di kókó ju ti àgbà lọ. Lálẹ́ òní, ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ gbé ọ̀kan lé itan, ẹ fi ìka, kì í ṣe òòyà, wá ẹ̀yìn etí rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí kókó kan tó tó ẹ̀wà, ẹ fi ìka méjì yà á láti ẹ̀gbẹ́, ẹ má fà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé èkejì.